Ìgò Òjò Dídì Kékeré: Bí Ẹ Ṣe Lè Fọwọ́ Ṣe É Tí Omi Rẹ̀ Á Fi Mọ́ Gaara

Yìnyín tí a mọ̀ ní Èkìtì ni èyí tó máa ń bá òjò àkọ́rọ̀ wá, tó ń lu páánù orí ilé gbàgbàgbà, tí àwọn ọmọdé á sáré ṣà sínú abọ́ kó tó yọ́. Òjò dídì inú ìgò kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ó dorí ìgò kodò, ẹ ó tún un gbé kalẹ̀, ohun funfun wẹ́wẹ́ á sì máa rọra bọ́ sórí ilé tàbí òkè tó wà nínú omi, bí ẹ̀gbọ̀n òwú tí afẹ́fẹ́ gbé. Snow globe ni orúkọ tí wọ́n fi ń tà á. Èyí tí a fẹ́ ṣe níbí kéré: ìgò tí kò gbà ju 60 mìlílítà lọ, tó ṣeé dì mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

Èyí tó bá bàjẹ́ nínú wọn, ẹ wò ó dáadáa: omi rẹ̀ ló dàrú, tàbí ẹnu rẹ̀ ló ń jò. Nítorí náà omi àti ọmọrí la máa pẹ́ lé lórí jù. Ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀, ojú yín ló máa yàn án, a ó kàn sọ ohun tí omi máa gbà àti ohun tí kò ní gbà.

Iṣẹ́ yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní Vienna, olú-ìlú Austria, ní nǹkan bí ọdún 1900, Erwin Perzy, tó ń ṣe irinṣẹ́ fún àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ, ń wá bí iná gílóòbù ṣe lè mọ́lẹ̀ sí i. Ó gbé ìgò rógódó tó kún fún omi síwájú iná, bí àwọn aránbàtà ayé ìgbà náà ṣe máa ń ṣe, ó sì da sẹ̀mólínà sínú omi náà. Iná kò mọ́lẹ̀ tó bó ṣe fẹ́, àmọ́ bí sẹ̀mólínà ṣe ń rọra rì jọ òjò dídì lójú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Mariazell ló kọ́kọ́ ṣe sínú ìgò náà, ẹbí rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ náà lọ ní Vienna. Sẹ̀mó náà ni o, èyí tí à ń fi ẹ̀fọ́ rírò gbé mì. Ẹ má tìtorí ìyẹn bù ú sínú tiyín: kò ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí á fi wú, tí á kan, tí omi á sì máa rùn.

Ìgò

Ìgò tí ẹ ń wá gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó kí ìka méjì wọ̀ ọ́, kí ọmọrí rẹ̀ jẹ́ onírin tó ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú. Ìgò oúnjẹ ọmọ ọwọ́ dára. Ìgò jáàmù kékeré tí wọ́n máa ń gbé fún èèyàn pẹ̀lú búrẹ́dì ní hòtẹ́ẹ̀lì dára gan-an, àmọ́ nǹkan bí 30 mìlílítà péré ló ń gbà, ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ rọ̀ láti fi ṣiṣẹ́. Ìgò ìpara náà ṣeé lò, bí kò bá ní àwọ̀. Ìgò abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò ní ọsibítù, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ìgò ìpara ní ìṣòro kan: òróró rẹ̀ kì í tètè kúrò lára gíláàsì. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọbọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú sípírítì nu inú rẹ̀, kí ẹ wá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ibì kan tó ṣe bí ojú tí oorun ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ tún un fọ̀. Bí wọ́n bá lẹ ìwé mọ́ ìgò, ẹ rẹ ẹ sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ fi òróró ẹ̀pà ra gọ́ọ̀mù tó kù títí á fi ṣí.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ dán ìgò náà wò. Ẹ rọ omi kún un, ẹ dé e pa, ẹ nu ara rẹ̀ gbẹ, ẹ dojú rẹ̀ dé orí ìwé tíṣù, kí ó sùn bẹ́ẹ̀. Bí tíṣù bá tutù láàárọ̀, ẹ fi ìgò náà sílẹ̀ fún iyọ̀. Gọ́ọ̀mù kò lè tún ọmọrí tó ti wọ́ ṣe.

Ohun kan wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kì í kà sí. Ìgò rógódó tí omi bá kún máa ń mú kí ohun inú rẹ̀ fẹ̀ sí i lójú, ó máa ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kún ìbú rẹ̀. Ilé tó fẹ̀ ní mìlímítà 12 á dà bí 16 bí ẹ bá ti dé e tán, gíga rẹ̀ ò sì ní yí padà bí ìgò náà bá rí gbọọrọ. Nítorí náà ẹ ṣe ohun yín ní tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí lọ. Bí wọ́n bá ní òkè yín dà bí òkìtì ààtàn, ìgò ló fẹ̀ ẹ́.

Ohun tí yóò dúró nínú omi

Ilẹ̀ Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ la wà. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, tó wà ní British Museum báyìí. Kò yani lẹ́nu pé igi ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Igi kò bá iṣẹ́ yìí mu. Á wú, á là, oje rẹ̀ á sì sọ omi di rúsúrúsú bí omi àgbo kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.

Àwọn ohun mìíràn tí omi kò gbà nìyí. POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, omi á sì funfun. Sìmẹ́ńtì máa ń tu ẹfun sínú omi, ẹfun náà á sì lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Amọ̀ tí wọn kò sun á padà di ẹrẹ̀. Àpáàdì, ìyẹn èyí tí wọ́n ti sun bí ìkòkò Ìsàn-Èkìtì, dára, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ wà nínú ihò ara rẹ̀. Ẹ sè é nínú omi fún ìṣẹ́jú 20 kí afẹ́fẹ́ náà lè jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa yọ wẹ́wẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tí ẹ bá gé lára sílípáàsì máa ń léfòó, á sì fa gọ́ọ̀mù tu. Irin á dípẹtà. Bàbà á hu àwọ̀ ewé.

Ohun tí a fẹ́ràn jù ni òkúta akọ, kò sì wọ́n. Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé, ẹ wo òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn bíríkìlà fi ń po kọnkéré. Bí ẹ bá fara balẹ̀ ṣà á, ẹ máa rí èyí tó jọ Òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́: ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dá wálẹ̀, orí rẹ̀ rí roboto. Kò ní dípẹtà, kò ní yọ́, ó wúwo, àwọn hóró dúdú àti funfun ara rẹ̀ sì máa ń dán nínú omi ju ọ̀dà èyíkéyìí lọ. Fún ìgò tí inú rẹ̀ ga ní mìlímítà 50, kí òkúta náà má ga ju 25 lọ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 10, ẹ sá a gbẹ. Bí ìdí rẹ̀ kò bá pẹlẹbẹ tó, ẹ máa fi ha ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó ní omi díẹ̀ títí á fi jókòó.

Lábẹ́ òkè ni ilé ń wà. Ẹ gé e láti ara ọmọrí ike funfun: ògiri mẹ́rin tí ìkọ̀ọ̀kan ga ní mìlímítà 5, òrùlé méjì tó dojú kọra. Ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì pupa tí ẹ pò mọ́ dúdú díẹ̀ kun òrùlé náà, á dà bí páánù àtijọ́ tó ti dípẹtà. Kútẹ́ẹ̀sì dára fún iṣẹ́ yìí nítorí pé omi kì í tú u, àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta ni kí ẹ fún un kó fi gbẹ dénú. Ọ̀dà omi tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń yàwòrán á ṣí dànù ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀pẹ ni iṣẹ́ tó gba sùúrù jù. Ẹ gé wáyà iná tí ara rẹ̀ dúdú tàbí tó jọ àwọ̀ igi, tí bàbà inú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ní mìlímítà 30. Ẹ fi bíléèdì ha ara rẹ̀ yíká fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ ní ibi mẹ́wàá tàbí méjìlá, ẹ má jẹ́ kó kan bàbà. Àpá yẹn ló ń jẹ́ kó jọ ọ̀pẹ. Ẹ wá ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó jẹ́ ike aláwọ̀ ewé, ẹ gé imọ̀ mẹ́fà tàbí méje lára rẹ̀, mìlímítà 2 ní ìbú, 10 ní gígùn, kí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá gbé imọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ ife tíì gbígbóná, tí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, á tẹ̀ wálẹ̀ bí imọ̀ gidi. Ẹ fi Araldite, gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, lẹ wọ́n mọ́ orí wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì rí i pé Araldite náà bo orí bàbà àti ìdí rẹ̀ pátápátá. Bàbà tí ò bá fojú rí omi ò ní hu nǹkan kan.

Lílẹ̀ mọ́ ọmọrí

Ọmọrí ni yóò di ilẹ̀ nígbà tí ẹ bá dorí ìgò kodò. Etí ọmọrí máa ń bo nǹkan bí mìlímítà 10 nínú gíláàsì, ohunkóhun tó bá wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ò ní hàn. Nítorí náà ẹ nílò pẹpẹ. Ọmọrí ìgò omi oníke ṣe rẹ́gí: ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí òkè àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa há sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá dojú rẹ̀ bolẹ̀ sí àárín ọmọrí onírin. Ẹ wọn ẹnu ìgò kẹ́ ẹ tó lẹ ohunkóhun. Ìjọ̀gbọ̀n tí òkè bá tóbi ju ẹnu ìgò lọ, ẹ ò ní mọ̀ títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ.

Ẹ kọ́kọ́ fi sáńpépà ha inú ọmọrí, ẹ fi sípírítì nù ún, ẹ kun kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa dípẹtà. Ẹ fi ojú kan sílẹ̀ láìkùn ní àárín, ibẹ̀ ni Araldite máa di mú. Ẹ má kun rọ́bà etí rẹ̀.

Araldite ni kí ẹ lò. Ẹ fún iye kan náà láti inú túùbù méjèèjì, ẹ fi igi ìtayín rò ó pọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì gbáko títí kò ní sí ìlà kankan nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá pọ̀ ju èkejì lọ, á máa lẹ̀ mọ́wọ́ títí láé, kò ní le. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24, bí wọ́n tilẹ̀ kọ ìṣẹ́jú mẹ́rin sára páálí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni kó lè dúró, wákàtí 24 ni kó lè wọ omi. Gọ́ọ̀mù tó ń lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tó máa ń di ìka èèyàn pọ̀, á ṣe funfun nínú omi, á sì jáwọ́. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń yọ́ pẹ̀lú iná, ara irin ni kì í lè dúró sí.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò ọjọ́ méjì. Ẹ gbé ọmọrí àti gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ sínú ife omi mímọ́, ẹ bò ó, ẹ gbàgbé rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Àwọ̀ tó bá máa ṣí á ṣí níbẹ̀, gọ́ọ̀mù tó bá máa tú á tú. Ẹni tó bá fo èyí á tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Omi

Omi tí wọ́n ti fi ooru sẹ́ dára jù. Àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì máa ń ní in, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra gidigidi: ohun méjì ni àwọn èèyàn ń pè ní omi bátìrì. Ọ̀kan jẹ́ omi lásán tí kò ní èròjà kankan nínú. Èkejì jẹ́ ásíìdì tó ń jó awọ ara, tó ń ba ojú jẹ́. Bí ẹni tó ń tà á ò bá lè fi ohun tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ hàn yín, ẹ má rà á.

Bí ẹ ò bá rí i, píọ̀ wọ́tà á ṣe é. Ẹ sè é nínú ìkòkò tó mọ́, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 10, ẹ dé e, kó tutù nínú ìdérí rẹ̀. Híhó yìí ń pa kòkòrò tó ń sọ omi di yíyọ̀, ó sì ń lé afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi jáde. Omi tí ẹ kò sè, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara òkè àti ilé yín wẹ́wẹ́ bí òógùn. Ẹ rọra da omi náà sínú ìgò mìíràn, kí ẹ fi èyí tó kù nísàlẹ̀ sílẹ̀. Omi kànga ilẹ̀ olókùúta wa máa ń ní èròjà. Ẹ fi sílẹ̀ fún aṣọ fífọ̀.

Omi nìkan kò tó, nítorí pé ohun funfun náà á kàn já wálẹ̀ gbì ni. Glísírìnì ló ń dá a dúró. Ẹ ó rí i ní kẹ́mísì àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èròjà ọṣẹ àti ìpara ní Ọjà Ọba l'Ádó, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí gbogbo èèyàn ń wá ohun tí wọ́n á fi pa ara. Èyí tí wọ́n kọ òróró rósì mọ́, tàbí tó ní òórùn dídùn, kì í ṣe èyí tí ẹ ń wá. Ojúlówó rẹ̀ ki bí oyin, kò láwọ̀, bí ẹ bá sì kán an sínú omi á rì lọ sísàlẹ̀ tààrà.

Sìríńjì 10 mìlílítà láti kẹ́mísì ni ẹ ó fi wọ̀n ọ́n. Fún mìlílítà 50:

40 omi, 10 glísírìnì: ó ń yára bọ́, ó dára fún gílítà ńláńlá.

35 omi, 15 glísírìnì: èyí la máa ń lò jù, ó bá gílítà kéékèèké mu.

25 omi, 25 glísírìnì: ó ń falẹ̀ gan-an, èèpo ẹyin ló wà fún, torí pé ó wúwo. Bí ẹ bá da gílítà kíkúnná sínú eléyìí, á dì pọ̀ bí èkuru.

Ẹ má rékọjá ìdajì. Ẹ sì mọ̀ pé ooru máa ń yí i padà: ìgò kan náà tó ń falẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́ á máa yára lọ́sàn-án.

Ẹ kọ́kọ́ da omi, kí ẹ wá da glísírìnì lé e, kí ẹ fi ṣíbí rò ó jẹ́jẹ́. Ẹ máa rí i tó ń yí bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ nínú omi; títí okùn yẹn ò fi ní hàn mọ́ ni kẹ́ ẹ máa rò ó. Ẹ má mì í jìgìjìgì, á kún fún afẹ́fẹ́. Ẹ dé e kó sùn mọ́jú.

Láàárọ̀, ẹ ti orí abẹ́rẹ́ bọ ọṣẹ ìfọbọ́ olómi, ẹ wá ti abẹ́rẹ́ náà bọ inú omi. Ìwọ̀n tó wà lórí abẹ́rẹ́ yẹn ti tó. Ọṣẹ ló ń jẹ́ kí gílítà rì dípò kó máa léfòó sójú omi. Ẹ̀kán kan gbáko ti pọ̀ jù, á máa hó bí omi aṣọ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá mì í.

Àwọn kan á ní kí ẹ kán Dẹ́tọ́ọ̀lù sí i kó má bàa húkasì. Ẹ dán an wò nínú ife omi kí ẹ rí i: á funfun bí omi ògì lójú ẹsẹ̀. Bí ohun inú ìgò yín bá jẹ́ òkúta nìkan, tí kò ní ọ̀dà, ẹ̀kán bílíìsì kan ṣoṣo nínú mìlílítà 100 á ṣiṣẹ́. Bí ọ̀dà bá wà, ẹ má fi bílíìsì sí i, kí ẹ gbára lé omi sísè àti ọwọ́ mímọ́. Kúláǹtì tí àwọn mẹkáníìkì ń rọ sínú mọ́tò náà ki, ó sì dùn lẹ́nu, àmọ́ májèlé ni; bí ìgò bá fọ́ tí ọmọdé tàbí ajá lá a, ó lè pa wọ́n. Kò gbọ́dọ̀ wọ inú iṣẹ́ yìí rárá.

Òjò dídì fúnra rẹ̀

Gílítà oníke ló rọrùn jù. Ẹ rà á lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun ìṣojúlóge, ẹ bu díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó sùn mọ́jú. Bí omi bá yí àwọ̀ padà, ẹ dà á nù. Ìdajì ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì ti tó fún mìlílítà 50. Ojú á fẹ́ kó pọ̀ sí i. Bó bá pọ̀ jù, òkè ò ní hàn.

Àmọ́ èèpo ẹyin ló lẹ́wà jù lójú tiwa. Kì í dán yanranyanran, ó máa ń bọ́ bí ohun gidi. Ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀ ni kí ẹ wá, nítorí èèpo tirẹ̀ sún mọ́ funfun. Ti adìyẹ àgrìkì sábà máa ń pọ́n, bó bá bọ́ sórí Olósùnta á dà bí erukuru ọyẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ lo eléyìí, ó sì bá ibi tí à ń gbé mu.

Ẹ rẹ èèpo sínú omi gbígbóná, ẹ bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ kúrò pátá. Awọ yẹn ló máa ń rà. Ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 10, ẹ sá a sóòrùn. Ẹ dì í sínú aṣọ mímọ́, ẹ fi ìdí ìgò tẹ̀ ẹ́ fọ́, ẹ má lọ̀ ọ́. Asẹ́ tíì ni kí ẹ fi jọ̀ ọ́, kí ẹ lo èyí tó gba ojú rẹ̀ kọjá.

Èyí tó kàn ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe, ohun náà ló sì ń sọ ìgò di funfun bí omi ìrẹsì. Ẹ da èèpo náà sínú ife omi, ẹ rò ó, ẹ ka oókan dé ẹ̀wá, ẹ da omi funfun òkè rẹ̀ nù. Ẹ rọ òmíràn, ẹ tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì kò tó. Nígbà karùn-ún tàbí ìkẹfà lomi máa ń mọ́. Ẹ̀bu tó bá omi lọ yẹn kò bá má rì láé nínú glísírìnì. Ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì ni ẹ nílò fún mìlílítà 50. Ẹ má jẹ́ kí ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sún mọ́ ọn, nítorí kíkan máa ń jẹ èèpo ẹyin, á sì máa hó.

Dídé e pa

Ẹ wé tépù funfun tí àwọn plọ́mbà ń lò mọ́ ẹnu ìgò ní ìlọ́po mẹ́ta nígbà tó ṣì gbẹ, kí ẹ wé e sí apá ibi tí ọmọrí ń yí sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọrí á ká a kúrò. Ẹ gbé ìgò sínú abọ́. Ẹ da òjò dídì sí i, ẹ wá rọ omi, kó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ìgò wọlẹ̀, títí á fi kún dé etí. Omi náà kò gbọ́dọ̀ tutù. Kó gbóná bí ara èèyàn.

Ẹ fi òkè àti ọ̀pẹ yín bọ omi náà ní ìfẹ̀gbẹ́kan, jẹ́jẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè yọ láti abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ àti inú pẹpẹ. Omi á ṣàn sínú abọ́. Ẹ fi igi ìtayín yọ afẹ́fẹ́ tó bá há, ẹ sì fi sìríńjì fa ìdajì mìlílítà kúrò kí ẹ tó yí ọmọrí pa.

Ìdajì mìlílítà yẹn ṣe pàtàkì. Bí ooru bá mú ìgò náà láti 25 dé 45, bó ṣe máa ń rí nínú mọ́tò tó wà lóòrùn, mìlílítà 60 omi àti glísírìnì á wú tó ìwọ̀n yẹn. Bí kò bá sí àyè, ẹnu rẹ̀ ló máa gbà jáde. Afẹ́fẹ́ tó bá kù lókè, tí kò ju ẹ̀wà kan lọ, àbò ìgò yín ni.

Ẹ fi omi ọṣẹ fọ ara ìgò, ẹ fi sípírítì nu ẹnu ọmọrí yíká. Níbi tí glísírìnì bá kù sí, sílíkónì kò ní di mú. Ẹ wá ta sílíkónì tí àwọn onífèrèsé alúmíníọ̀mù ń lò sí àlàfo tó wà láàárín ọmọrí àti gíláàsì, ní ìta nìkan, kí ẹ fi ìka tó ní omi ọṣẹ fà á dọ́gba. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú kó gbẹ, nítorí náà wákàtí 24 tó lásìkò òjò; lásìkò ọyẹ́ ẹ fún un ní ọjọ́ méjì. Ọmọrí ni kó wà lókè ní gbogbo àkókò yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ẹ dorí rẹ̀ kodò sórí tíṣù fún ọjọ́ kan.

Bí ó bá bàjẹ́

Ọjọ́ tó bàjẹ́ máa ń sọ ohun tó bà á jẹ́. Bí omi bá dàrú ní ọjọ́ kìíní, ẹ̀bu èèpo ẹyin ni, tàbí òróró tó kù lára ìgò. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, tí ohun tó ń yọ̀ bí ìdí ìkòkò omi sì wà níbẹ̀, kòkòrò ni: ẹ tú u, ẹ sè é ní ọ̀tun. Bó bá pọ́n, ọmọrí ti ń dípẹtà níbi tí kútẹ́ẹ̀sì ò dé. Bí afẹ́fẹ́ òkè bá ń fẹ̀ sí i lóṣooṣù, ó ń jò, kódà bí tíṣù bá gbẹ. Omi ń gbẹ bó ṣe ń yọ. Gílítà tó léfòó ń wá ọṣẹ díẹ̀ sí i. Èyí tó dì, glísírìnì ti pọ̀ jù: ẹ fa mìlílítà 5 kúrò, ẹ fi omi sísè rọ́pò rẹ̀.

Ìdí rẹ̀

Ọparun tí inú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ọmọrí lọ ni ìdí tó dára jù. Ẹ fi ayùn gé e ní sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ há ọmọrí sínú rẹ̀, ẹ po POP sí àlàfo tó kù lábẹ́. Ní ìta, POP kò lè ṣe nǹkan kan fún omi, ó sì ń fún ìgò ní ìwúwo kó má bàa tètè ṣubú. Etí aṣọ òkè tó kù lọ́wọ́ télọ̀ ṣeé wé mọ́ ọn.

Ẹ má gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ti ń wọlé. Ìgò rógódó tó kún fún omi máa ń kó oòrùn jọ sójú kan, ó sì lè dá iná sára kọ́tìnnì tàbí ìwé, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan ti gbẹ. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà lókè òkun, ìgò yìí kò tó 100 mìlílítà tí ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfuurufú fi ṣe òpin fún omi inú báàgì ọwọ́, àmọ́ inú nylon tó ṣeé dì pa ni kó wà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é àti ìwọ̀n omi òun glísírìnì rẹ̀ sábẹ́ ìdí náà kí ẹ tó gbé e kúrò nílé.